Ewé, Alárù àti Oníbodè Inú Ara

Bí Yorùbá bá fẹ́ pàrọwà fún ẹni tí inú ń bí, wọn a ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gbólóhùn yìí sí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró ti alápatà nígbà tí ó ń la inú ẹran yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti fojú rí ohun tí ó ń wí. Abẹ́ ẹ̀dọ̀ gan-an ni òróòro lẹ̀ mọ́. Bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì bẹ́ ẹ, omi inú rẹ̀ a tú dà sórí ẹran, ohun tí ó yẹ kí ó dùn a sì di kíkorò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dọ̀ bá jókòó jẹ́ẹ́ lórí òróòro, àlàáfíà ni. Èyí fi hàn pé àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ṣeré. Kì í ṣe ìbínú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, bí kò ṣe ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ewé tí a fi ń dáàbò bò ó, àti ọ̀nà tuntun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá láti gbé agbára ewé dé inú rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹ̀yà tí ó wà nínú ikùn àti àyà ènìyàn, kò sí èyí tí ó tóbi tó ẹ̀dọ̀. Ti àgbàlagbà a máa wọ̀n tó nǹkan bí kílò kan ààbọ̀. Bí a bá fi iṣẹ́ rẹ̀ wé iṣẹ́ ìlú, oníbodè ni a lè pè é. Ní ayé àtijọ́, oníṣòwò kì í ru ẹrù wọ ìlú láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ibodè, kí oníbodè yẹ ẹrù rẹ̀ wò, kí ó sì gba owó ibodè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ìfun bọ̀, tí ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu, iṣan ńlá kan ni ó ń gbé e lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀ kí ó tó ráyè lọ sí ibòmíràn. Ibẹ̀ ni a ti ń ya oúnjẹ sọ́tọ̀; ibẹ̀ náà ni a ti ń sọ májèlé di ohun tí ara lè tọ̀ dànù tàbí kí ó yà á dànù. Ògógóró dé ibẹ̀, egbòogi òyìnbó dé ibẹ̀, àgbo náà dé ibẹ̀. Oníbodè yìí tún ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń gbé àjèjì tí ó bá ń kọjá mì. Kupffer, onímọ̀ kan ní Jámánì, ni ó ṣàpèjúwe wọn ní 1876, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè wọ́n títí di òní.

Àwọn àgbà ní alárù tí ó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ni ó ń jẹ. Bí ọ̀ràn ẹ̀dọ̀ ti rí nìyẹn. Nínú pípa májèlé fún ara ni òun náà ti ń fara gbọgbẹ́. Bí ọgbẹ́ náà bá pẹ́, àpá a máa bo àpá, ẹ̀dọ̀ a le bí igi, ikùn a wú, ojú a pọ́n bí omi àtalẹ̀ pupa. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ìgbà tí olúwa rẹ̀ yóò bá fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ọ̀ràn ti lè kọjá ibi tí a lè dá a dúró sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi tìkára mi. Ní 2016, ìyàwó àbúrò mi fẹ́ bímọ, wọ́n ní a nílò ẹ̀jẹ̀, mo sì lọ fi tèmi tọrẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní àwọn kò lè gbà á, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì àrùn mẹ́dọ̀wú B wà nínú rẹ̀. Ara mi le koko ní ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn padà sílé. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé èrò pọ̀ lójú ọ̀nà tí mo wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tí ó ń gbé pẹ̀lú àrùn yìí ní 2022 tó mílíọ̀nù 254, àti pé àwọn tí ó pa ní ọdún kan náà tó mílíọ̀nù kan lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ọmọ ọwọ́ tí ó bá kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó bá kó o, ara púpọ̀ nínú wọn ni ó ń lé e jáde. Ní 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún èyí tí a ń gún fún gbogbo ọmọ ọwọ́. Àwa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà kò bá oore yẹn pàdé.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́, kò sunkún. Ẹ̀yìnkùlé ni ó lọ. Ó já ẹ̀yìn-olóbe bọ̀, ewéko kékeré tí ó máa ń to èso wínníwínní sí abẹ́ ewé rẹ̀, ó sè é, ó sì gbé e ka iwájú mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, mu ún. Òun ni bàbá rẹ mu nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dá a dùbúlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn dókítà léèrè."

Ó wò mí títí, ó ní, "Ta ni ó kọ́ àwọn dókítà?"

Èmi kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí rẹ̀, mo rí i pé ìyá mi kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣàwárí fáírọ́ọ̀sì tí ó wà lára mi yìí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn tí ó gbé ẹ̀yìn-olóbe yẹ̀ wò. Ní 1988, òun àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà kéde pé àwọn fún àwọn tí ó ní fáírọ́ọ̀sì náà lára ní ewéko yìí ní gbígbẹ fún 30 ọjọ́. Nínú 37 tí ó lò ó, 22 ni wọn kò rí àmì fáírọ́ọ̀sì náà lára wọn mọ́. Nínú 23 tí wọ́n fún ní ẹ̀tàn oògùn, ẹnì kan péré ni. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní ilẹ̀ mìíràn, wọn kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì kó gbogbo ìwádìí náà jọ ní 2011, wọn kò rí ẹ̀rí tí ó múná dóko pé ewéko náà ń lé fáírọ́ọ̀sì yìí lọ.

Ti orógbó yàtọ̀ díẹ̀. Orógbó tí a fi ń súre fún ọmọ pé kí ó gbó, kí ó tọ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa ti fojú sáyẹ́ǹsì wò ó dáadáa. Ní 1985, Maurice Iwu, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka nígbà náà, tẹ ìwé jáde lórí àwọn èròjà inú orógbó tí ó ń gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ májèlé. Àpapọ̀ àwọn èròjà náà ni wọ́n ń pè ní kolaviron, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lé e lórí láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá fún eku ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, èyí tí ó bá ti gba kolaviron kì í fara gbọgbẹ́ tó èyí tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n eku ni eku ń jẹ́. Kò tíì sí egbòogi orógbó tí dókítà lè kọ fún aláìsàn ẹ̀dọ̀ lónìí.

Kí ni ó fà á tí agbára tí ó hàn lára eku fi ń ṣòro láti rí lára ènìyàn? Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó kan kókó ọ̀rọ̀ mi. Púpọ̀ nínú àwọn èròjà ewé tí ó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ni kì í yọ́ nínú omi. Ẹ gbé àtalẹ̀ pupa yẹ̀ wò. Curcumin ni orúkọ èròjà tí ó fún un ní àwọ̀ rẹ̀. Láti 1815 ni wọ́n ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ènìyàn lè gbé e mì ní ìwọ̀n tí ó pọ̀, kí ìwọ̀nba kín-ún ni ó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìfun kì í gbà á dáadáa. Èyí tí ìfun bá sì gbà, kíákíá ni oníbodè ń pa á dà tí ó sì ń tì í síta. Ẹrù wà, ọjà wà, ṣùgbọ́n kò sí alárù.

Níhìn-ín ni mo ti rí ọgbọ́n àwọn baba wa tí a kì í sábà kíyè sí. Bí adáhunṣe bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní oògùn, kì í dárúkọ ewé nìkan. Yóò tún sọ ohun tí a ó fi lò ó: ẹ̀kọ gbígbóná ni a ó fi mu èyí, oyin ni a ó pò mọ́ èkejì, epo pupa ni a ó fi lá ẹ̀kẹta, ọtí ni a ó rẹ ẹ̀kẹrin sí, omidùn ni a ó fi se ẹ̀karùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka sáyẹ́ǹsì díẹ̀ yóò mọ̀ pé ohun tí omi kò lè yọ́, ọtí tàbí epo lè yọ́ ọ. Àní, nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ fún eku ní kolaviron, epo àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń pò ó mọ́. Adáhunṣe kò mọ orúkọ èròjà, kò sì ní ẹ̀rọ tí ó lè fi wọn ẹ̀jẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ewé kì í dá rìn.

Alárù tuntun tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí ni èérún nánò. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wo àlàfo mílímítà kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Bí a bá lè gé àlàfo náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni à ń pè ní nánòmítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó 80,000 sí 100,000 nánòmítà. Nítorí náà, bí èérún kan bá jẹ́ 100 nánòmítà, a lè to nǹkan bí 1,000 irú rẹ̀ kí ó tó la irun kan já. Ní nǹkan bí 1964, Alec Bangham, onímọ̀ kan nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé bí a bá da irú ọ̀rá kan sínú omi, fúnra rẹ̀ ni yóò ká di àpò róbótó, tí omi yóò wà nínú rẹ̀ tí omi yóò sì wà lóde rẹ̀. Lípósóòmù ni wọ́n ń pe àpò náà. Ohun tí omi kò lè gbé, a lè fi pamọ́ sí ara ọ̀rá. Ohun tí omi lè gbé, a lè dì í sínú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún rí i pé a lè fi èlò tí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara mọ àpò mìíràn. Láàárín 1980 sí 1990, àwọn ará Ítálì so èròjà ẹ̀gún kan tí ń hù létí Òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n ń pè ní silymarin, mọ́ ọ̀rá, èyí tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Lónìí, wọ́n ń gbé curcumin àti silymarin sínú èérún nánò lóríṣiríṣi, wọ́n sì ń dán wọn wò lára eku tí wọ́n ti fi májèlé ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ní ilẹ̀ wa pàápàá, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi èèpo kòkó àti èèpo obì ṣe èérún nánò fàdákà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀dọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ohun méjì ni ó jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, bí ó ti ṣòro tó láti rán egbòogi sí ọ̀pọ̀lọ tàbí sí egungun, bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn tó láti rán èérún nánò sí ẹ̀dọ̀. A kò tilẹ̀ nílò afinimọ̀nà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Kupffer tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni yóò mú un lọ́nà. Ara iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ sì ní ojú wínníwínní tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 100 nánòmítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èérún tí ó bá kéré lè gbà wọlé. Èkejì ni pé fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 42 nánòmítà lọ. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni olè ti gbà wọlé kí alárù tó dé. Nígbà tí mo ka èyí, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí sáyẹ́ǹsì ń kọ́ láti ṣe, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé òwe tí ó ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Alárù tí ó bá wọ ilé, tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, tí kò sì jáde mọ́, ó ti di onílé. A gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tí a fi mọ àpò náà, bí yóò ti yọ́, àti ibi tí ìyókù rẹ̀ yóò gbà jáde. Ẹ̀dọ̀ kan náà tí a fẹ́ gbà là ni yóò gbé ìyókù yìí mì. Kì í sì í ṣe àpò nìkan ni ó lè ṣe ibi. Ẹrù náà lè ṣe é. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Íńdíà rí i pé bí a bá po curcumin pọ̀ mọ́ èròjà ata kan tí ó jẹ́ ìyekan iyèré wa, èyí tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 20. Inú àwọn oníṣòwò dùn; wọ́n ń dì í sínú káńsù káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ní 2022, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn 10 tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo káńsù àtalẹ̀ pupa. Mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò ní èròjà ata náà nínú. Àwọn 5 ni wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn, ẹnì kan sì kú. Àtalẹ̀ tí ó wà nínú ọbẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kì í pa ni. Ohun tí ó dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ pé kò tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fún ẹrù ní alárù tí ó yára, ìwọ̀n ẹrù náà gbọ́dọ̀ yí padà, ẹni tí yóò sì sọ ìwọ̀n náà gbọ́dọ̀ ti dán an wò.

Nítorí èyí ni mo ṣe mọ ohun tí mo wí fún alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí ó gbé ìgò wá fún mi nínú yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n kọ "nánò" sí ara rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Owó rẹ̀ kò kéré. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó gbàgbé dókítà." Mo bi í pé ta ni wọ́n dán an wò lára, ìwọ̀n wo ni ó dé inú ẹ̀jẹ̀, kí ni wọ́n sì fi mọ àpò rẹ̀. Ó ní àwọn tí ó lò ó ti ń jẹ́rìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dá ìgò náà padà. Kì í ṣe pé mo kẹ́gàn ewé, kì í sì í ṣe pé mo kẹ́gàn nánò. Èmi náà ń retí ọjọ́ tí wọn yóò dán orógbó inú èérún nánò wò lára ènìyàn, tí a ó rí ìwọ̀n rẹ̀, tí a ó sì rí ewu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́gbẹ́ lórí ibodè kò yẹ kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe kò ṣòro sọ. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni mo ń lọ fi ara hàn dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n sì ya àwòrán ẹ̀dọ̀ mi. Bí ó bá di dandan, egbòogi wà tí ń tẹ fáírọ́ọ̀sì náà lórí ba, bí kò tilẹ̀ lé e tán. N kò mu ọtí mọ́. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ní ti ìyá mi, mo jókòó tì wọ́n, mo fi àbáyọrí ìwádìí 1988 àti èyí tí ó tẹ̀lé e yé wọn ní Yorùbá pọ́ńbélé. Wọ́n gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Wọ́n bi mí bóyá àwọn tí ó tún un ṣe já ewé náà ní àárọ̀ tàbí ní alẹ́, bóyá tútù ni wọ́n lò tàbí gbígbẹ. Ìbéèrè onímọ̀ ni, nítorí pé ibi tí a ti já ewé àti ọ̀nà tí a gbà tọ́jú rẹ̀ lè pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè ìyá mi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sínú kíláàsì. Láti 1970 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ni a ti mọ̀ pé èdè wa lè ru irú ẹrù yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè sọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, bí èérún nánò ti kéré tó, àti ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rí eku àti ẹ̀rí ènìyàn, láìyá ọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kì í ṣe máàkì nìkan ni yóò gbà nínú ìdánwò. Yóò lè kà á sétígbọ̀ọ́ ìyá tí ó ń se àgbo lẹ́yìnkùlé. Yóò sì lè bi ọlọ́jà tí ó ń ta ìgò léèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá délé, kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá àwọn ará ilé rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú, àti bóyá ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.